Òwú Tó Ń Gba Àárín Eyín Kọjá

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ní Èkó kì í ṣe ebi, kì í sì í ṣe àwọn ṣọ́jà tó ń fi kòbókò lé ènìyàn lójú pópó. Ẹnu ara mi ni. Mo kúrò nílé pẹ̀lú ẹnu tí mo lè là níwájú ẹnikẹ́ni. Ọdún kan ò tíì pé tí mo dé Ìkejà tí mo fi di ẹni tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu kó tó kí ènìyàn káàárọ̀.

Kétu ni mo ti wá. Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ará Èkó á ní, "Kétu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojóta?" Rárá o! Kétu Alákétu ni, lódìkejì bọ́dà, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nílé, tí a sì ń kàwé ní èdè Faransé. Nígbà tí ìjọba ọ̀dọ̀ wa ò rí owó oṣù san fún òṣìṣẹ́ mọ́, tí ọjà tí mo ń tà ò rí ẹni rà á, mo di ẹrù mi, mo forí lé Èkó. Mo rò pé àárín àwọn ènìyàn mi ni mo ń lọ. Nílé, àwọn tí kò gbọ́ èdè wa ń pè wá ní Nàgó, wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà ni wá. Mo wá dé Nàìjíríà, mo la ẹnu, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ará Kútọnu ni!" Kútọnu tí mi ò gbé rí láyé mi. Ibo gan-an ni wọ́n wá fẹ́ kí n lọ?

Bí ọ̀rọ̀ Faransé kan bá ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu mi, wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín títí iṣẹ́ á fi parí. Àwọn tó sì ń fi mí ṣẹ̀sín yìí, wọn ò lè sọ gbólóhùn kan kí Gẹ̀ẹ́sì má jókòó sáàárín rẹ̀. Tiwọn kì í ṣe ẹ̀sín. Tèmi ni ẹ̀sín.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ran òwú ni mo ti ríṣẹ́, láàárín Ìkejà sí Agége, níbi tí òrùlé ilé iṣẹ́ ti pọ̀ ju òrùlé ilé ènìyàn lọ. Yàrá kan ni mo háyà ní Agége, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ kọjá kèrémí. Bí o bá fẹ́ bá ẹnìkejì rẹ sọ̀rọ̀, àfi kí o sún mọ́ ọn, kí ètè rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀, kí o wá pariwo. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, ẹnu sí etí, ẹnu sí imú. Kò sí ohun tó ń pamọ́ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá jẹ àlùbọ́sà, gbogbo wa la jọ jẹ ẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹnu mi ń rùn. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Mo máa ń sún mọ́ obìnrin kan láti sọ pé òwú rẹ̀ ti já, á sì fà sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Mo sún mọ́ ọ̀gá wa, ó na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró níbi tí mo wà, kí n fọwọ́ júwe. Kò pẹ́, wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀rọ tó wà lẹ́bàá ògiri, níbi tí kò ti sí ẹni tí mo máa bá sọ̀rọ̀. Mo ń wo àwọn yòókù lọ́ọ̀ọ́kán, ẹnu sí etí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìrora tó wà nínú ìyẹn, ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí ló lè mọ̀ ọ́n.

Ohun tó tún jẹ́ kó ká mi lára ni pé mo ń tọ́jú ẹnu mi. Ṣé ará Kétu ni wọ́n máa kọ́ ní orin rírun? Mo ń run orin àtà láràárọ̀, mo tún ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín lé e. Eyín mi funfun báláú. Níwájú ẹnu mi, èjí wà níbẹ̀, èyí tí mo jogún lọ́dọ̀ ìyá mi, tó jẹ́ pé nílé, bí mo bá rẹ́rìn-ín, oníbàárà á gbàgbé pé òun ń ná ọjà lọ́wọ́. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìdí eyín mi. Èrìgì mi, ẹran tó di eyín mú, ti pọ́n, ó rọ̀. Mo wá ń run orin líle sí i, bí ẹni tó ń ha ìdí ìkòkò. Ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ní oṣooṣù, mo máa ń lọ tò sí ọ́fíìsì tẹlifóònù ní Ìkejà. Màá ti fi ọjọ́ ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀ tó ń lọ sí bọ́dà, ìyá mi á sì ti jókòó dè mí nílé ìfìwéránṣẹ́ Kétu. A tò, a tò, nígbà tó bá kàn mí, wáyà á máa ké bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀.

"Ṣé ò ń jẹun?" ni ìyá mi máa ń kọ́kọ́ bi mí.

"Mò ń jẹun, Ìyá."

"Ṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ níbẹ̀?"

"Wọ́n ń tọ́jú mi dáadáa."

"Rẹ́rìn-ín kí n gbọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí n tó rẹ́rìn-ín, mo ti fi ọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni pé òórùn máa gba inú wáyà dé Kétu. Nígbà tí mo rí ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe, inú bí mi débi pé mi ò rántí kí i pé ó dàbọ̀ kí wáyà tó já.

Ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà wá di gbangba. Òwú já lórí ẹ̀rọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti so ó, mo fi ẹnu tẹ orí òwú náà kó lè mú ṣóńṣó, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo gbé orí sókè, ẹ̀jẹ̀ wà lára òwú funfun. Ọ̀gá wa rí i. Ó mú mi jáde síta, kúrò nínú ariwo, ó ní, "Màdáámù, mi ò fẹ́ wàhálà o. Ẹ lọ tọ́jú ẹnu yín. Tí kò bá sàn, ẹ má padà wá." Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ṣáà ní, "Ẹ ṣé, sà." Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Dókítà eyín tí mo bá ní ilé ìwòsàn ìjọba jẹ́ obìnrin tí ó ti rẹ̀, ojú rẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n lanu. Ó wò ó, ó pòṣé, ó fa okùn tín-ín-rín kan yọ nínú páálí kékeré, ó tì í bọ àárín eyín mi lẹ́yìn pátápátá. Ó fà á jáde, ó sì gbé e sábẹ́ imú mi.

"Ẹ gbóòórùn ẹ̀," ó wí.

Mo gbóòórùn rẹ̀. Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé. Òórùn tí àwọn ènìyàn ń sá fún nìyẹn, lára okùn tí kò tó irun orí.

"Mà, mò ń run orin," mo sọ.

"Mo mọ̀. Eyín yín mọ́. Orin ń fọ iwájú, ó ń fọ ẹ̀yìn. Ta ló ń bá yín fọ àárín?"

Mo fi ahọ́n wá àárín náà.

"Oúnjẹ tó bá há síbẹ̀, jíjẹrà ló ń jẹrà. Èrìgì yín ló ń bá a jà tó fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ wá ń fi orin líle gún èrìgì tó ti ń jà tẹ́lẹ̀! Lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ máa fi òwú yọ àárín eyín. Ẹ wé e mọ́ ìka méjèèjì, ẹ rọra tì í wọlé, ẹ jẹ́ kó gbá eyín mọ́ra, kó lọ sókè, kó lọ sísàlẹ̀. Ẹ má fi rẹ́ ẹran bí ẹni ń fayùn rẹ́ igi o. Ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ máa jáde. Ẹ má torí ẹ̀ dáwọ́ dúró. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe é jẹ́jẹ́, á dá."

Ó fọ eyín mi ọjọ́ náà, ó sì kọ orúkọ okùn inú páálí náà fún mi. Mo wá a dé Ọ̀pẹ́bí, nílé ìtajà tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ fi í hàn mí, ó sọ iye rẹ̀, ó sì dá a padà sórí pẹpẹ kí n tó dáhùn. Ìgbà Sáàpù ni, ètò ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ. Gbogbo ohun tó bá gba orí omi wọlé ti di ti ọlọ́rọ̀, kódà èyí tí ènìyàn máa fi yọ ẹran láàárín eyín. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kò dà bí èyí tí wọ́n ṣe fún eyín, ṣùgbọ́n kí n wá òwú télọ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó dán, tí kì í tètè já, kó mọ́, kí n sì fọ ọwọ́ mi kí n tó ṣe é. Ó sàn ju kí n jókòó lásán lọ. Ó kọ ìwé fún ọ̀gá wa pé mo ti ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì jẹ́ kí n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ wá wo ayé mi. Ilé iṣẹ́ òwú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ o! Òwú yí mi ká bí omi ṣe ń yí ẹja ká, mi ò sì gbọdọ̀ ní òwú lọ́wọ́. Bí a bá ti ń jáde, àwọn mẹ́gádì géètì á tú wa wò, gèlè, àpò, gbogbo rẹ̀, nítorí olè. Ọjọ́ tí wọ́n rí rílì òwú mi, èyí tí mo fi owó mi rà lọ́wọ́ télọ̀ ní Agége, wọ́n dá mi dúró di ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú.

"Kí lẹ fẹ́ fi òwú ṣe?" ni mẹ́gádì bi mí.

"Mo fi ń fọ eyín."

Ó wo ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ wò ó. "Ará Kútọnu!" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fi rílì mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta omi tútù níwájú géètì, kí n lè rí i lò lọ́sàn-án lẹ́yìn oúnjẹ. Ti alẹ́ wà nílé.

Ẹ̀jẹ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Bí mo bá tu itọ́ sí gọ́tà lẹ́yìn ilé, àwọn ayálégbé á yọjú. Ẹnì kan ní mo fẹ́ fa eyín mi yọ fúnra mi nítorí ahun. Ìyá onílé bi mí bóyá òògùn ni, tó bá jẹ́ òògùn, kí n lọ ṣe é ní ìlú mi. Mo ń fi òwú mi lọ sókè, lọ sísàlẹ̀, inú ń bí mi sí gbogbo wọn, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ dín kù. Nígbà tó tún yá, mo yọ òwú jáde, ó funfun bí mo ṣe tì í wọlé. Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì omi mi, mo sunkún ayọ̀ nítorí òwú. Ṣé ẹ rí ohun tí ìrìn àjò máa ń sọ ènìyàn dà?

Ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ni Rísí. Ọmọbìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, tó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní Ifákò, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sórí ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé tèmi lẹ́bàá ògiri. Ó wá pariwo sí mi létí lọ́jọ́ kan pé òwú mi ti fẹ́ tán. Mo pariwo padà sí i létí pé mo ti rí i. Kò fà sẹ́yìn. Ó dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ sún mọ́ mi, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wá nǹkan. Nígbà tí a jáde lọ jẹun, ó ní, "Àǹtí, ẹnu yín ò mà rùn mọ́ o!"

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Inú bí mi, inú mi sì dùn, lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé gbogbo wọn ti mọ̀ látọjọ́ yìí tí ẹnì kan ò fi sọ fún mi? Ṣùgbọ́n òun nìkan ló sọ ọ́ nígbà tó tán. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. A jọ ń jẹun lórí báńṣì níwájú géètì. Ó ń sọ fún mi nípa Ràṣídì, wẹ́dà kan tó ń jó irin ní Ògbà, tí yìgì wọn ti ń bọ̀ lọ́nà. Ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ní Èkó tó bi mí pé kí ni orúkọ ìyá mi.

Ó tún ń wo eyín mi. Mo rò pé mímọ́ rẹ̀ ló ń wò. Mo fi bí mo ṣe ń lo òwú hàn án, mo sọ gbogbo ohun tí dókítà sọ fún mi fún un. Ó mi orí. Ó wá fi ìka kan èjí mi, ó ní, "Àǹtí, òwú yìí ló la èjí yìí, àbí?"

"Rárá o! Wọ́n bí i mọ́ mi ni. Ìyá mi ní in."

"Ẹ̀yin ará Kútọnu yìí! Ẹ ò fẹ́ ká mọ àṣírí yín. Ó dáa, mo ti gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe.

Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Rísí fẹ́ wọ ilé ọkọ pẹ̀lú èjí. Ó lọ mú òwú kíki tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò, ó ń fi rẹ́ àárín eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì láràárọ̀, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kí àyè lè ṣí sílẹ̀. Eyín kò ṣí. Èrìgì ló ṣí. Èmi ò mọ nǹkan kan, àfi ìgbà tí mo rí i tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu kó tó sọ̀rọ̀. Mo mọ ọwọ́ yẹn dáadáa. Mo ní kó gbé e kúrò. Ètè òkè rẹ̀ ti wú, ọyún wà ní ìdí eyín, ọ̀kan nínú eyín méjèèjì sì ń mì bí mo ṣe fi ìka kàn án.

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo pariwo débi pé obìnrin olómi tútù dìde. "Ṣé mo ní kí o rẹ́ ẹ ni? Ṣé mo ní kí o fi òwú àpò rẹ́ ẹnu rẹ ni?" Rísí ń sunkún. Ó ní yìgì ku díẹ̀, ta ló máa gbé aláìléyín níyàwó?

Mo mú un lọ bá dókítà mi. Ó fọ ibẹ̀, ó fún un lóògùn, ó ní kó máa fi omi gbígbóná oníyọ̀ yọ ẹnu. Lẹ́yìn náà ló bá wa sọ òótọ́. "Eyín yìí ṣì lè dúró. Àmọ́ bí ìdọ̀tí bá tún jókòó sáàárín ẹ̀, á bọ́. Tí wíwú yẹn bá ti lọ, ẹ máa fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ fọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Jẹ́jẹ́."

"Òwú?" Rísí fò sókè. "Láéláé!"

Ìyá rẹ̀ kò dúró gbọ́ ti dókítà. Ó wá bá mi nílé ní Agége, ó dúró láàárín àgbàlá, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún gbogbo ilé pé ará Kútọnu tó ń jowú ọmọ òun ti ba ọmọ òun lẹ́nu jẹ́. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ gbọ́ mi ná." Kò gbọ́ mi. Ó ní bí òun bá tún rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rísí, ojú mi á rí nǹkan. Bó ṣe lọ tán, ìyá onílé ní kí n má kó ìjà wá sínú ilé òun.

Mo rò ó fún ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bóyá ká ní mo pa ẹnu mi mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni wọ́n ń fẹ́ kí àlejò máa ṣe, kó pa ẹnu mọ́. Bí ohun rere bá ṣẹlẹ̀, ìlú ló ṣe é. Bí nǹkan bá bàjẹ́, àlejò ló bà á jẹ́. Ká ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi òwú han Rísí, wọ́n á ní Rísí ló ṣe é ní àṣejù. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo pinnu pé mo fẹ́ lọ sílé.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lórí tẹlifóònù, gbogbo rẹ̀, mo ń sọ ọ́ kíákíá kí wáyà má baà já.

"Eyín ta ni?" ó bi mí.

"Eyín ọ̀rẹ́ mi."

"O ti wá ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀ nìyẹn," ó wí. Wáyà já.

Mi ò di ẹrù mọ́.

Wíwú ẹnu Rísí ti lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n eyín ń mì síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì tún ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò jẹ́ kí ohunkóhun kan ibẹ̀. Kódà pákò kò dé ibẹ̀ mọ́. Mi ò bá a sọ̀rọ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá jókòó sí báńṣì tí mo wà, ó fà sún mọ́ mi díẹ̀díẹ̀. "Àǹtí," ó wí, "ó tún ń mì sí i. Ẹ bá mi ṣe é. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń ti ìka bọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu ní ojú títì Ìkejà nìyẹn. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, màá fọ ọwọ́ mi pẹ̀lú omi tútù àti ọṣẹ, màá wé òwú mọ́ ìka, Rísí á di etí báńṣì mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ nílà. Á pariwo kí n tó fọwọ́ kàn án. Màá ní kó dákẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á yí wa ká, wọ́n á máa ṣe wá ní yẹ̀yẹ́, ẹnì kan á ní kí n bá òun yọ ẹran ẹnu òun náà. Mo ń gbóná, mo ń bú wọn, mo ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde, lẹ́yìn náà ó ń dín kù. Mo máa ń fi ìka ti eyín náà wò. Ó ń mì, ṣùgbọ́n bóyá kò mì tó ti àná. Mi ò lè búra.

Ibi tí a wà nìyẹn, ìka mi méjèèjì wà lẹ́nu Rísí, nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́yìn mi.

Ó gbé oúnjẹ wá fún ọmọ rẹ̀, ìrẹsì àti ẹran nínú kúlà, bóyá kó fi wò ó bóyá ọmọ ń jẹun. Ó rí òwú. Ó rí mi. Kúlà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"O tún wà níbí! Ìwọ obìnrin yìí! Ṣé o fẹ́ kó bọ́ tán kí ọkàn rẹ tó balẹ̀ ni?"

Mo fa ọwọ́ mi yọ. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi. Mo fẹ́ sọ nípa dókítà, nípa òwú àpò, nípa gbogbo èébú tó bú mi láàárín àgbàlá. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wò wá.

Rísí nawọ́ gba òwú lọ́wọ́ mi, ó já èyí tí mo ti lò sọnù, ó fa tuntun yọ lára rílì. Ó wé e mọ́ ìka ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lóòótọ́. Mo fẹ́ bá a dì í mú, mo dá ọwọ́ mi dúró. Ó lanu níwájú ìyá rẹ̀, ó rọra ti òwú bọ àárín eyín iwájú méjèèjì, ó gbé e lọ sókè, ó gbé e wálẹ̀, ó yípo sí eyín kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́jẹ́. Ó fà á yọ, ó nà án síwájú ìyá rẹ̀.

"Ẹ wò ó, Màámi. Ẹ̀jẹ̀ dà?"

Ìyá rẹ̀ mú òwú náà, ó gbé e síta oòrùn, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó funfun. Ó nawọ́, ó fi àtàǹpàkò ti eyín ọmọ rẹ̀ wò. Ó tún tì í. Eyín náà dúró.

Kò sọ pé ó ṣeun. Kò sọ pé má bínú. Ó jókòó sórí báńṣì, ó ṣí kúlà, ó ní, "Ẹ jẹun kó tó tutù." Ó sọ "ẹ", èmi náà wà nínú rẹ̀. Rísí bẹ́ ẹran sí méjì, ó fi ìdajì sọ́wọ́ mi. Ẹran náà le bíi bàtà. Ìyá rẹ̀ náà mú ọ̀kan, ó ń jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ wà ní títì. A jẹun tán.

Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó ń fi ahọ́n wá nǹkan lẹ́yìn ẹnu. Ó fa igi ìṣáná yọ nínú ìdì ìró rẹ̀, ó fi ń gún àárín eyín, ó ń fún ojú pọ̀. Igi ìṣáná dá. Ó tutọ́. Itọ́ náà pọ́n díẹ̀, ó sì fi bàtà nù ún mọ́lẹ̀ kíákíá. Mo ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Rísí tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ báńṣì. Mo panu mọ́.

Ìyá rẹ̀ kò wo ọ̀dọ̀ wa. Ó ṣáà na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà.

"Mú òwú yẹn wá."

Mo fa èyí tó gùn díẹ̀ yọ, mo já a, mo fi lé e lọ́wọ́. "Màámi, ẹ má fi rẹ́ ẹ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń..."

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lanu ni?" ó wí, ó sì lanu.